Ìwé Tí A Kò Tíì Tú Sílẹ̀

Tómilọ́lá Ògúndèjì ti ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ojú ìwé ìbuwọ́lùwé sórí tábìlì gígùn. Ó to ti àwọn tó ń tà sápá òsì, ti àwọn tó ń rà sápá ọ̀tún, ó sì fi àwọn ìwé báńkì sí àárín. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí ó fi ojú rí i lórí pákó. Bí ojú ìwé kan bá kù, àyè rẹ̀ tó ṣófo ni ojú yóò kọ́kọ́ bá.

Iṣẹ́ lọ́yà tó ń bójú tó títà àti ríra ilé-iṣẹ́ ni Tómilọ́lá ń ṣe, ní àárín ìgboro Dallas. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí ẹni méjì bá buwọ́ lùwé ni ọjà parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, oníkálukú a máa buwọ́ lu ojú ìwé ìgbẹ̀yìn nìkan, ní ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a sì fi í sọ́wọ́ lọ́yà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ lọ́yà ni ìwé náà yóò wà. Ní ọjọ́ ìparí, àwọn lọ́yà á pàdé lórí fóònù, wọn á bi ara wọn bóyá gbogbo nǹkan ti pé, lẹ́yìn náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun tú ìwé oníbàárà òun sílẹ̀. Kí ó tó sọ ọ́, bébà lásán ni. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, báńkì á rán owó, ilé-iṣẹ́ á sì ti di ti ẹlòmíràn kí kọfí inú ife tó tutù.

Ní àárọ̀ ọ̀la, Tómilọ́lá ni yóò tú ìwé àwọn Salaudeen sílẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, ọmọ Ìsẹ́yìn. Àlàájì Túnjí ni ẹ̀gbọ́n, Rùqáyyàh ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wọ́n jọ ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, kẹ̀kẹ́ arọ àti ẹ̀rọ atẹ́gùn háyà fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú nínú ilé wọn, láti Arlington títí dé Little Elm, àwọn ìlú tó yí Dallas ká. Ìdajì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnu Àlàájì ló ń wá oníbàárà; òun ló mọ àwọn ilé ìwòsàn, òun ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn adójútòfò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Rùqáyyàh ló ń mú kí ohun tí wọ́n háyà ṣiṣẹ́. Òun ló dá ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe sílẹ̀ ní Arlington, níbi tí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ẹlòmíràn ti jù sẹ́yìn ilé ti ń padà di ohun tí aláìsàn lè sùn lé.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti Atlanta ló fẹ́ rà á. Àwọn oníbàárà àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń wá. Wọn kò nílò ṣọ́ọ̀bù, torí pé tuntun ni wọ́n máa ń rà bí ti àtijọ́ bá ti bàjẹ́. Ó wà nínú ìwé kedere pé wọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù Arlington pa, àti pé àwọn tó tà á kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ náà mọ́ ní gbogbo agbègbè yẹn fún ọdún márùn-ún.

Iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ tí Tómilọ́lá fúnra rẹ̀ mú wọ ọ́fíìsì. Tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà ló máa ń mú oníbàárà wá, òun a sì bá wọn ṣe é. Àlàájì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a wá. Ó ní òun ò lè gbé iṣẹ́ fún òyìnbó nígbà tí ọmọ àwọn wà níbẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pè é ní ọmọ mi. Ní ìparí ọdún, àwọn àgbà ọ́fíìsì yóò jókòó láti yan ẹni tí yóò di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ibẹ̀, wọ́n sì ti ń dárúkọ Tómilọ́lá.

Timothy ni àgbà tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Texas, ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó wọlé, ó rìn yí tábìlì ká, ó ń wo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo táyà mọ́tò kó tó bọ́ sí márosẹ̀. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ó ti bá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Tómilọ́lá ní àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀, wọ́n sì gbà.

Timothy ní ohun tí òun bi í kọ́ nìyẹn. Ó rán an létí pé lọ́yà tó bá ń ṣojú ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí èkejì kò sí nítòsí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ó gbé ife kọfí rẹ̀, ó jáde.

Tómilọ́lá dúró sójú kan. Láti ilé ẹ̀kọ́ ló ti mọ òfin yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tó lọ sí ilé Àlàájì ní McKinney, ó gbàgbé pé lọ́yà ni òun. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Àlàájì jókòó lórí àga rẹ̀, ó ní ọkàn òun ti fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn dókítà ti la àyà òun, wọ́n ti tún un ṣe, òun kò sì fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀ sí òun lórí tábìlì ọ́fíìsì. Òun fẹ́ ta ilé-iṣẹ́, kí òun padà sí Ìsẹ́yìn. Rùqáyyàh ń palẹ̀ àwo mọ́. Àlàájì yíjú sí i, ó ní, "Rùqáyyàh, àbí báwo?" Rùqáyyàh ní ohun tí Bọ̀dá bá sọ náà ni. Ó gbé àwo lọ sí kíṣìnì. Tómilọ́lá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì gbà.

Ta ló tún máa bi àgbà léèrè lẹ́yìn ìyẹn? Ta ló máa ní kí ẹ̀gbọ́n jáde nínú pálọ̀ ara rẹ̀ kí òun lè bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀? Òyìnbó ì bá ṣe é, wọn ì bá sì fi rẹ́rìn-ín lásán, torí òyìnbó ni. Ìyá Tómilọ́lá náà ti sọ irú gbólóhùn tí Rùqáyyàh sọ yẹn rí, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ta ilé bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kó ráhùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tó bá ń lọ sọ́jà, ọ̀nà ẹ̀yìn tó jìn ló ń gbà, kó má baà kọjá níwájú ilé náà.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ sì wà ní gbígbé sókè nítorí ooru. Rùqáyyàh wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan, ó ká ìborí rẹ̀ mọ́ ọrùn, tọ́ọ̀ṣì kékeré wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí."

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Lọ́yà wa. Bàtà onígìgísẹ̀ yẹn, má fi tẹ wáyà mi. Bàtà wà ní Walmart, wáyà yẹn ò sí níbì kankan."

Tómilọ́lá bọ́ bàtà náà, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Rùqáyyàh rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí àpótí kan pé kó jókòó, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì náà ń gbé orí sókè, ṣùgbọ́n kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun mẹ́ta ló lè fà á: rìmóòtù tí aláìsàn ń tẹ̀, àpótí iná tó wà lábẹ́, tàbí mọ́tò tó ń ti orí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì gba owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó yọ wáyà mọ́tò orí kúrò nínú ihò rẹ̀, ó yọ ti ẹsẹ̀, ó sì pààrọ̀ wọn, ti orí sí ihò ẹsẹ̀, ti ẹsẹ̀ sí ihò orí. Ó tẹ bọ́tìnnì ẹsẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní mọ́tò kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ó dá àwọn wáyà padà sípò, ó mú rìmóòtù mìíràn lórí ìṣó, ó fi í síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Orí gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Rìmóòtù ni," ló wí. "Bí wọ́n bá wà papọ̀, o ò lè mọ̀. Ọ̀kan á máa bo ọ̀kan. Àfi kó o yà wọ́n, kó o dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò."

Tómilọ́lá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà.

"Àǹtí, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí n tó bi yín, ẹ gbọ́ eléyìí ná. Ẹ̀yin àti Àlàájì lẹ jọ jẹ́ oníbàárà mi. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi, mi ò lè fi pamọ́ fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ dákẹ́, ẹ lè dákẹ́."

"Bọ̀dá ló rán ẹ?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n mọ̀ pé o wà níbí?"

"Wọn ò mọ̀."

Rùqáyyàh nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. Ó dìde, ó so rìmóòtù tó bàjẹ́ kọ́ sórí ìṣó tó yàtọ̀, ibi tí àwọn tó ń dúró de àtúnṣe wà. Tómilọ́lá bi í bóyá ó fẹ́ ta ibẹ̀. Rùqáyyàh padà sídìí bẹ́ẹ̀dì náà. Ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè.

"Mo ti buwọ́ lù ú," ló sọ níkẹyìn.

"Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Títí di àárọ̀ ọ̀la, bébà ni."

"Ẹnu ẹ ló kù nìyẹn."

"Ẹnu mi ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiyín ló yẹ kó ti ibẹ̀ jáde."

Rùqáyyàh wo ìta, bí ẹni pé mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè yà wọlé nígbàkígbà. "Mi ò fẹ́ tà á," ló wí.

Lẹ́yìn tó ti sọ ìyẹn, àwọn tó kù jáde fúnra wọn. Ó ní Bọ̀dá ló rán òun nílé ìwé, Bọ̀dá ló ṣe ìwé tí òun fi wọ ìlú yìí, Bọ̀dá ló jókòó sí àyè bàbá ní ọjọ́ yìgì òun. Nígbà tí wọ́n la àyà rẹ̀, òun jókòó síta ilé ìwòsàn, òun sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bó bá jí, òun ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láyé. Ó sì jí. Báwo ni òun ṣe máa dúró níwájú rẹ̀ kí òun ní rárá? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí òun ti buwọ́ lu ìwé, òun ń wá sí ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́, òun kàn ń fọwọ́ kan àwọn irinṣẹ́. Kí ni òun fẹ́ máa fi ọwọ́ yìí ṣe fún ọdún márùn-ún?

"Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn," ló wí. "Ìwọ bá mi sọ ọ́. Ṣebí iṣẹ́ tí wọ́n fi ń pè yín ní lọ́yà nìyẹn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rán yín?"

Tómilọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó bá Àlàájì níbi tó ti ń rìn yípo àgbàlá ilé rẹ̀ ní McKinney, bí dókítà ṣe pàṣẹ fún un. Kò lè ní kó dúró, nítorí náà ó ń bá a rìn, ó sì ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tó sọ ibi tó ṣe pàtàkì, Àlàájì dúró fúnra rẹ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Wọ́n sọ ọ́, sà."

"Èmi ni mo tọ́ Rùqáyyàh. Kí ló dé tí kò lè sọ ọ́ fún mi?"

"Torí pé ẹ̀yin lẹ tọ́ wọn, sà."

Àlàájì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn dé ìdí ọgbà, ó sì yí padà. Tómilọ́lá ní ẹ̀bi òun ni, òun ló yẹ kó ti ya wọ́n sọ́tọ̀ bi léèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí òun bá ti ṣe é, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti yanjú kí Atlanta tó gbọ́ ohunkóhun. Àlàájì ní òun gbọ́. Ó ní ọmọ òun ni òun pè pé kó wá bá òun tajà, ọmọ náà sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ bi obìnrin léèrè.

"Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ bínú," ló wí. "Ẹ̀yin ni ẹ kì í jẹ́ kí n gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu."

Kò rẹ́rìn-ín. Tómilọ́lá wá ṣàlàyé ohun tó ti ń tò nínú orí láti márosẹ̀. Atlanta kò nílò ṣọ́ọ̀bù. A lè yọ ọ́ kúrò nínú ọjà, bí ẹni yọ wáyà kan tí èyí tó kù sì ń ṣiṣẹ́. Wọn yóò dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, wọn yóò kó irinṣẹ́ àti ìwé ilé ṣọ́ọ̀bù sínú rẹ̀, Rùqáyyàh yóò gba ìyẹn dípò díẹ̀ nínú ìpín tirẹ̀. Èyí tó kù ni wọn yóò tà. Ohun tí iye ọjà bá fi dín kù, inú ìdajì Rùqáyyàh ni yóò ti jáde, kò ní kan ti Àlàájì. Ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ ọ̀la. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mú ìwé náà lọ fún lọ́yà mìíràn wò kó tó gbà kí Tómilọ́lá máa bá iṣẹ́ náà lọ.

Àlàájì bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìdajì tòun kò ní í mì. Ó bi í bóyá Atlanta lè bínú lọ. Tómilọ́lá ní wọ́n lè lọ. Àlàájì yíjú sí ilé.

"Ṣe é," ló wí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò ní kó wọlé wá mu omi.

Timothy kò pariwo. Ó pe àwọn lọ́yà Atlanta fúnra rẹ̀ pé ọjà kò ní parí lọ́la, ó sì sọ fún Tómilọ́lá pé gbogbo wákàtí tí àtúnṣe yìí bá gbà, ọ́fíìsì ni yóò ru ẹrù rẹ̀, wọn kò ní í kọ ọ́ sọ́rùn oníbàárà. Tómilọ́lá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ọ́fíìsì tó jẹ́ pé iye wákàtí tí oníbàárà sanwó rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ènìyàn.

Rùqáyyàh náà gbà, àwọn méjèèjì sì fi ìwé han lọ́yà mìíràn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Atlanta halẹ̀ pé àwọn yóò lọ, wọn kò sì lọ. Wọ́n gbà kí ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú ọjà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ já ni ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé. Wọ́n ní Rùqáyyàh lè máa tún nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀dì háyà fún ẹnikẹ́ni. Tómilọ́lá fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́gbọ́n, ó kọ́kọ́ wa mọ́tò lọ sí Arlington láti bi oníṣẹ́ léèrè. Rùqáyyàh ní bí òun bá gbé bẹ́ẹ̀dì aláìsàn wá sí ṣọ́ọ̀bù, òun máa ń yá wọn ní òmíràn títí tiwọn á fi padà délé. Aláìsàn kò lè sùn sílẹ̀. Àwọn lọ́yà Atlanta ní háyà nìyẹn. Tómilọ́lá ní kì í ṣe háyà. Ìlà náà ń lọ, ó ń bọ̀, títí tó fi kọ ọ́ báyìí: ó lè yá aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì láìgba kọ́bọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ti aláìsàn bá wà lórí àtúnṣe, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ tí àtúnṣe parí. Ó kà á sókè fún ara rẹ̀, ó ń wá ibi tí omi lè gbà jò. Kò rí i. Atlanta gbà á, wọ́n sì fi ìlà tiwọn sí i pé àwọn kò ṣèlérí iṣẹ́ kankan fún ṣọ́ọ̀bù náà.

Rùqáyyàh ka ìyẹn náà. Ó ní ó dáa. Ó ní òun lọ kí Bọ̀dá lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ní ó ń sùn. Òun tún padà lọ, wọ́n tún ní ó ń sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìparí, Tómilọ́lá tún to àwọn ojú ìwé sórí tábìlì. Timothy jókòó ní ìkángun, ó sọ fún un kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, pé àwọn àgbà ti jókòó, wọ́n sì ti sún orúkọ rẹ̀ síwájú, ó di ọdún tó ń bọ̀, bóyá. Tómilọ́lá ní òun gbọ́. Ó tẹ fóònù. Òfin kò ní kó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ó pe àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Àlàájì, ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n tú u sílẹ̀?"

"Owó á dé lónìí?"

"Kí oòrùn tó wọ̀, sà."

"Tú u sílẹ̀, Lọ́yà."

Ó pe Arlington. Mọ́tò bẹ́ẹ̀dì kan ń kùn lẹ́yìn Rùqáyyàh, ó sì pa á kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ṣé kí n tú u sílẹ̀?"

Rùqáyyàh kò sọ pé ohun tí Bọ̀dá bá sọ náà ni. "Tú u sílẹ̀," ló wí.

Àwọn lọ́yà pàdé lórí fóònù. Ẹni kan ka gbogbo ohun tó yẹ kó pé, wọ́n sì ní ó pé. Atlanta tú tiwọn sílẹ̀. Tómilọ́lá tú ti Àlàájì Túnjí Salaudeen sílẹ̀, ó tú ti Rùqáyyàh Salaudeen sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà di ti Atlanta, ṣọ́ọ̀bù sì di ti Rùqáyyàh nìkan, pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀, ìwé ilé rẹ̀, àti ìlà kan nínú àdéhùn tó jẹ́ kó lè yá aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sàn-án, àwòrán kan wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti Arlington, tábìlì iṣẹ́ kan pẹ̀lú rìmóòtù tó tú palẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Àlàájì dé: "Owó ti wọlé. Mo dúpẹ́, Lọ́yà Ògúndèjì." Lókè rẹ̀, nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ojú ìwé náà jọ.